Àjẹ́ Ké Lánàá

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Igbe lóru, òkú láàárọ̀, wọ́n sì fi okùn kan so méjèèjì pọ̀. Òwe yìí ni wọ́n ń pa kiri àdúgbò wa ní Kàbà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú mi kò sì tíì rọ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń ta iyọ̀ kí ọmọ ọdún méjì kan lálẹ́ Ọjọ́rú, ó fọwọ́ pa á lórí. Ọjọ́bọ̀, ara ọmọ gbóná. Ọjọ́ Àìkú, a sin ín. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá yìí mọ́.

Ta ni kò mọ̀? Èmi kò mọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ibà ni. Láti 1897 ni Ronald Ross, dókítà òyìnbó kan, ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Bí ẹ̀fọn bá sì jẹ ọmọ lónìí, inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà ń kọ́kọ́ fara pamọ́ sí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó gbóná. Ohun tó pa ọmọ yẹn ti wà lára rẹ̀ kí ìyá náà tó yà síbẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ ní àròkọ, "nítorí náà" ni mo máa ń fi bírò pupa fà lábẹ́ jù. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: "Àkùkọ kọ, nítorí náà ilẹ̀ mọ́." Mo pa á rẹ́, mo kọ "lẹ́yìn náà" sí i. Ọmọdé ni, ó gbọ́. Omíyalé Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022 ńkọ́? Òjò orí òrùlé wọn nìkan kọ́ ló fà á. Odò Ọya ti Gínì ṣàn wá, Bẹ́núé ti Kamẹrúùnù wá, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti pàdé. Ìdí ọ̀ràn lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí là ń wá, a kì í wulẹ̀ mú ẹni tó sún mọ́ wa jù. Kòtò tí omi dá rọ́gún sí lẹ́yìn ilé yín, ta ló dí i? Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún yín, ẹ fi ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ ká, kéwúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ yín sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, ọmọ yín sùn níta, arúgbó lẹ wá ń pè ní àjẹ́! Ojú kò tì yín? Ẹ tú nẹ́ẹ̀tì yẹn lára ọgbà lónìí. Kí ẹ sì lọ kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn, kí ẹ ra iyọ̀ rẹ̀.