Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí dókítà awọ

"Kí ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fẹ́ mọ̀ nípa àrùn awọ?" Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Wọ́n gbà pé àfi dókítà awọ nìkan. Dókítà awọ ọ̀hún kì í sì í sí nítòsí, ni wọ́n bá gba ilé oògùn lọ, wọ́n á ra ìpara tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo ẹ̀.

Kì í ṣe òótọ́ rárá. Àrùn awọ pọ̀ lóríṣiríṣi, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé ìwòsàn: làpálàpá, kúrúnà, egbò tí ọyún ń jáde lára rẹ̀, ara tó kọ ọṣẹ tàbí ìpara kan. Ní agbègbè Bamako, ní Mali, wọ́n fi ọjọ́ kan péré kọ́ 400 òṣìṣẹ́ ìlera nípa irú wọn. Ṣáájú ẹ̀kọ́ náà, 42 nínú 100 aláìsàn ló ń rí ìtọ́jú tó tọ́ gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 81, owó oògùn sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Oṣù 18 kọjá, iṣẹ́ wọn ò tíì rẹ̀yìn.

Ojú àti ìbéèrè ni irinṣẹ́ wọn. Tí nọ́ọ̀sì bá fura sí kúrúnà, á ya ìka yín wò láàárín, á bi yín pé: "Ta ló tún ń họra nílé? Ṣé òru ló máa ń yún jù?" Gbogbo ará ilé ló máa fún ní oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ẹni tára ò yún, torí bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣẹ́kù, ó ń padà bọ̀ nìyẹn. Tó bá rí àbààwọ́n tó funfun díẹ̀, tí kò yún, tí kò dùn yín, á ní kí ẹ dijú, á fi òwú kàn án. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n lára, ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀, á sì darí yín síbi tó yẹ. Oògùn rẹ̀, oṣù 6 tàbí 12, ọ̀fẹ́ ni.

Ìpara ilé oògùn yẹn ló ń dùn mí jù. Steroid, ìyẹn oògùn tó ń pa ìyún lẹ́nu mọ́ àmọ́ tí kì í pa kòkòrò àrùn, wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìyún á dákẹ́, ẹ ó rò pé ó ti san, làpálàpá á sì máa gbilẹ̀ nìṣó. Bèbè rẹ̀ tó rí roboto á pòórá, débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an ò ní tètè dá a mọ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ ká máa bi léèrè ìdí. Ní tiyín, bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú tùbù ìpara tẹ́ ẹ ti ń lò dání, kí wọ́n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.