Ta ló ní ẹni tó ń ronú kì í sanra?

Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí gbé fọ́tò ara rẹ̀ síta. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi dé: “Ṣé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló tóbi báyìí? Ó ti gbàgbé ọkọ.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n á ní ìrònú máa ń jẹ ẹran ara, pé ẹni tó bá ti ń sanra, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni.

Ọ̀bọ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀bọ ò jẹ gbèsè, kì í sì í mu ọtí. Ní Yunifásítì Wake Forest ní Amẹ́ríkà, Carol Shively àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó abo ọ̀bọ jọ ní ọ̀wọ́ kéékèèké, wọ́n sì ń fún gbogbo wọn ní oúnjẹ ọlọ́ràá kan náà. Láìpẹ́, ọ̀gá ti yọ láàárín wọn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń fìyà jẹ. Òun ló máa ń dá jókòó, bóyá la fi ń rí ẹni tó ń bá a yọ iná lára. Tó bá jẹ́ pé ìrònú ń jẹ ẹran ara lóòótọ́, òun ló yẹ kó gbẹ. Lọ́dún 2009 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta: àwọn tí ọ̀rá wọn kó sínú ikùn, tó dì mọ́ ìfun, tí kì í ṣe abẹ́ awọ lásán, àwọn tí ìyà ń jẹ yìí ló sábà jẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn gan-an ti ń dí.

Ẹ ní ọ̀bọ kì í ṣe ènìyàn? Ó dáa. Lọ́dún 2015, Janice Kiecolt-Glaser ní Yunifásítì Ohio State ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ tó ṣe lórí obìnrin 58 jáde. Wọ́n jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, àwọn olùwádìí sì wọn agbára tí ara wọn sun lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ìjà tàbí ìdààmú kan bá lánàá ọjọ́ náà sun nǹkan bíi kálórì 104 dín sí ti àwọn tí ọjọ́ wọn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Insulin wọn, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, sì ga jù.

Cortisol, họ́mọ̀nù tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Kókó kékeré tó jókòó lé orí kíndìnrín ló ń tú u jáde, ó sì ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé a fẹ́ sáré. Ẹni tí ọ̀gá ń bú lórí ìjókòó ò sáré lọ síbì kankan. Inú ọ̀rá ikùn ni ṣúgà yẹn lè parí sí. Ọ̀rá náà ò sì dákẹ́: ó ń ṣe purotéènì tó ń jíṣẹ́ bíi họ́mọ̀nù. Leptin, tí wọ́n rí lọ́dún 1994, ló yẹ kó sọ fún ọpọlọ pé ọ̀rá ti tó, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, ọpọlọ kì í gbọ́ mọ́. Adiponectin, tó ń ran insulin lọ́wọ́, ń dín kù ni.

Ẹ wo àìsàn tí Harvey Cushing ṣàlàyé lọ́dún 1932, níbi tí cortisol ti pọ̀ lápọ̀jù: ojú á yí róbótó, ikùn á yọ, apá àti ẹsẹ̀ á rù. Mo rí díẹ̀ níbẹ̀ lára èmi náà, lọ́dún tí ọ̀gá kan sọ mí di ẹni ẹ̀sín lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́líìtì mi ò dé ihò tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́, apá ẹ̀wù sì ti tóbi ju apá mi lọ. Mi ò rí oorun sùn, àwọn èèyàn ń kí mi pé owó ti dé.

Mo mọ̀, ẹ mọ ẹnìkan tó rù nígbà tí ìyàwó kọ̀ ọ́. Adrenaline, họ́mọ̀nù ìpayà, máa ń pa ebi fúngbà díẹ̀. GDF15 náà wà, purotéènì tí ara ń tú jáde nígbà ìnira, tó ń mú kí oúnjẹ sú ènìyàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London tí wọ́n ti ń tẹ̀lé láti 1985, ìyẹn Whitehall II, àwọn tí wàhálà iṣẹ́ ò tú sílẹ̀ ní ewu tó ju ìlọ́po méjì lọ láti kó ikùn ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà pọ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin ibẹ̀ tí wàhálà iṣẹ́ ń bá jà, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ túbọ̀ ń rù, àwọn tó sanra tẹ́lẹ̀ túbọ̀ ń sanra. Wàhálà kan náà ló ṣe méjèèjì.