Ẹ Gba Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin Náà Lọ́wọ́ Ìyá Aláta

Ẹ jẹ́ ká fi aláta kan ní ọjà Oyíngbò ṣe àpẹẹrẹ. Ó jẹ iléeṣẹ́ tó ń yáni lówó lórí fóònù ní ₦96,000. Èrè rẹ̀ lójúmọ́ kò ju ₦7,000 lọ, ọjọ́ mẹ́fà ló sì ń ná ọjà lọ́sẹ̀, ₦42,000 nìyẹn. Oúnjẹ ilé ń gba ₦15,000, owó ọkọ̀ ₦6,000, iléèwé àwọn ọmọ ₦5,000, owó ilé tó ń tù jọ ₦5,000, owó ìsọ̀ àti iná ₦3,000, àjọ tó fi ń ra ọjà ₦3,000. Ó ku ₦5,000. Bó bá fi ₦1,000 pamọ́ nítorí àìsàn, ₦4,000 ló lè san lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ 24, gbèsè ti tán.

Agbowó gbèsè tó pè é láàárọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ọmọ tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń pè é ní "ìwọ", ó ní kó san ìdajì kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹ̀rù ba ìyá, ó ní òun ti gbọ́. Ó lọ yá owó níbòmíràn, gbèsè kan di méjì. Bí kò bá rí ibi yá, yóò san ohun tí wọ́n ń pè ní rollover: owó tí wọ́n ń gbà láti sún ọjọ́ síwájú, tí kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Ẹni tó san án lẹ́ẹ̀mẹrin ṣì jẹ ₦96,000 rẹ̀ gbọingbọin. Sọgundógójì ni, kò lórúkọ míì.

Ohun tí a ń sọ kò lọ́jú pọ̀: onígbèsè tó bá jókòó ṣírò ohun tó lè san, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ń san án, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí èlé sì dúró síbi tó wà. A mọ̀ pé àwọn kan ń yáwó láìní in lọ́kàn láti san. Irú wọn kì í kọ ìwé sí olówó, ńṣe ni wọ́n ń pa fóònù.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń sin ní gbèsè lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ tó dá iye kankan, ẹ béèrè ìṣirò lákọsílẹ̀: iye tí ẹ yá gan-an, èlé, owó ìtanràn, àti èyí tí ẹ ti san. Owó ìtanràn ló sábà ń wú gbèsè, òun náà ló sì gba dúnàádúrà jù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, ẹ má fi ẹnu lásán ṣe é: "Gbèsè mi jẹ́ ₦96,000. Màá máa san ₦4,000 ní gbogbo Sátidé fún ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá èlé àti ìtanràn dúró níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń san. Ẹ fèsì lákọsílẹ̀." Ọjọ́ tí ọjà máa ń tà jù ni kí ẹ mú, kì í ṣe ọjọ́ tí agbowó dá fún yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀.

Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, pẹ̀lú nọ́ńbà gbèsè yín lára rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà. Agbowó á ní, "Fi ránṣẹ́ sí èmi, màá bá ẹ gé e kù." Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé iléeṣẹ́ kò sì mọ̀ pé ẹ san nǹkan kan. Ẹ má sì kọ sọ̀wédowó ọjọ́ iwájú fún wọn bí kò bá dá yín lójú pé owó máa wà nídìí rẹ̀. Gbèsè lásán kì í sọni di ọ̀daràn, àmọ́ sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí lè sọni dà á. Abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ti ka á léèwọ̀ láti mú èèyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àgọ́ ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín.

Bí ọ̀rọ̀ bá há, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń parí irú aáwọ̀ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú ìṣirò yín dání lọ. Olówó náà lè gbé yín lọ sí Small Claims Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ láti 2018. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé, ẹ má sá, torí wọ́n lè dájọ́ lẹ́yìn yín. Ẹni tó kó rísíìtì ₦4,000 mẹ́jọ sílẹ̀ níwájú adájọ́ kò jọ ẹni tó sá fún gbèsè.

Láyé àtijọ́, àwọn òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa ta aṣọ láwìn, wọn a sì máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n le, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó á fi jáde. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ni. Tòní, fọ́tò ìyá aláta pẹ̀lú "OLÈ" gàdàgbà lórí rẹ̀ ti dé fóònù àna rẹ̀ àti ti olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Nítorí irú ìwà yìí ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ṣe ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkejà lóṣù kẹta 2022. Òfin tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú jáde ní 2023, ìlànà FCCPC ti 2025 sì fi ìtanràn tó lè tó ₦100 mílíọ̀nù lé e lórí. Kí wọ́n lò ó.

Kí FCCPC sì tún sọ ọ́ di dandan pé bí onígbèsè bá kọ ìwé ìsanwó díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́, ayánilówó gbọ́dọ̀ fèsì lákọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, kí ìpè sì dáwọ́ dúró títí èsì á fi dé. Bí ó bá kọ̀, kó sọ ìdí. Bó bá sì di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, kó fún ìyá aláta ní ìwé pé gbèsè rẹ̀ ti parí, kó sì sọ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè kí wọ́n tún ti orúkọ rẹ̀ ṣe.