Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi òwe yìí pa ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́nu mọ́. Ọ̀gá tí kò sanwó oṣù á pa á fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyá ọkọ á pa á fún ìyàwó ilé, àfi bí ẹni pé ohun tí òwe náà ń wí ni pé, "Gbà á bẹ́ẹ̀, má sọ̀rọ̀." N ò gbà. Òwe náà kò sọ pé iṣẹ́ ẹrú dára. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán wa lè má wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n bí a ó ṣe jẹ́ ẹ wà lọ́wọ́ wa. Ẹrú á gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí wọ́n rán an gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ìbáà dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ rò ó: ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí ni ilé wa ń fẹ́ gan-an, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọ́n á fi fi obì lé mi lọ́wọ́ dípò ọfà?

(Kí orúkọ náà "ẹrú" má sì tàn wá jẹ. Ẹrú ọba ni àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn, síbẹ̀ àwọn ni ikọ̀ tó ń gbé ohùn Aláàfin kiri.)

Ẹni tí mo fẹ́ fi òwe yìí wò ni Netumbo Nandi-Ndaitwah, Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, ẹni tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí NNN. Ọdún 1952 ni wọ́n bí i ní Onamutai, ní àríwá ilẹ̀ náà, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ló ń jẹ gàba lé wọn lórí nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré ni nígbà tó wọ SWAPO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Nàmíbíà, ní 1966, ọdún tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fìbọn jà. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1973. Nígbà tó di 1974, ó sá kúrò nílùú.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ jíjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó kàwé díẹ̀ ní Moscow, ẹgbẹ́ rán an sí Lusaka ní Sáḿbíà gẹ́gẹ́ bí igbákejì aṣojú wọn. Ní 1978 ó di aṣojú àgbà níbẹ̀, láti 1980 títí di 1986 ló sì jókòó sí Dar es Salaam ní Tànsáníà, tó ń ṣojú ẹgbẹ́ ní gbogbo ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹ dákẹ́ ẹ rò ó ná. Aṣojú kí ni? Orílẹ̀-èdè tó ń ṣojú fún kò tíì sí. Wọn ò ní ìjọba, wọn ò ní owó tiwọn, ilé onílé ni wọ́n wà. Bí ikọ̀ orílẹ̀-èdè ńlá bá sọ̀rọ̀ tí kò dùn, ọmọ ogun àti owó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n á bá a tún un ṣe. Ikọ̀ tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn kò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí wọ́n fi ń rìn kò ju pé Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti kéde ní 1976 pé SWAPO nìkan ni aṣojú òtítọ́ àwọn ará Nàmíbíà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, àfi bí ẹni tó ń gbé e kiri bá mọ̀ ọ́n gbé.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ikọ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ikọ̀ ní Yunifásítì Keele nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti gba oyè ìjìnlẹ̀ ní 1989. Bí ìyá aláṣọ tó ti ń tajà láti kékeré, tó wá lọ jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò.

Nàmíbíà gba òmìnira ní 21 oṣù kẹta 1990, ó sì wọ ilé aṣòfin. Igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Àwa náà mọ bí àwọn olóṣèlú ṣe ń wo irú ipò bẹ́ẹ̀: igun ilé tí wọ́n ń fi àwọn obìnrin sí kí wọ́n má baà dí wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹrú gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń ṣe mínísítà níbẹ̀ ni òfin tó de ìwà ipá inú ilé jáde, ní 2003. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ní ìlú Oshakati kò bìkítà bóyá ipò ńlá ni mínísítà tó ṣe é wà tàbí kékeré.

Ó tún ṣe mínísítà ìròyìn, ó ṣe ti àyíká, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 2012, wọ́n fi igbákejì olórí ìjọba kún un ní 2015. Igbákejì, igbákejì, igbákejì ṣáá.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń ka èyí, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí nìyí. Bí wọ́n bá ní kí o wá máa kọ̀wé ìpàdé torí pé ìwọ nìkan ni obìnrin níbẹ̀, gba bírò. Ẹni tó ń kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ló mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Àmọ́ má jókòó sídìí bírò títí ayé. NNN kò dúró kí wọ́n wá fi oyè bẹ òun. Níbi àpérò ẹgbẹ́ ní 2022, ó jáde du ipò igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́, èyí tó jẹ́ ọ̀nà sí tíkẹ́ẹ̀tì Ààrẹ, ó sì borí Saara Kuugongelwa-Amadhila, olórí ìjọba fúnra rẹ̀, àti ọkùnrin kan. Ikọ̀ tí kò bá sọ ohun tí òun fẹ́ fún ara rẹ̀ á kú sẹ́nu iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ààrẹ Hage Geingob kú ní oṣù kejì 2024, NNN di igbákejì Ààrẹ. Ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún náà kò rọgbọ: ìwé ìdìbò tán láwọn ibùdó kan, wọ́n fi ọjọ́ kún un, àwọn alátakò gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì pàdánù. Ìpín 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní. Ní 21 oṣù kẹta 2025 wọ́n búra fún un, ẹni ọdún 72, obìnrin àkọ́kọ́ nípò náà. Òjò lé wọn kúrò ní pápá ìṣeré lọ sí ilé ìjọba. (Nílẹ̀ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa bínú?) Ó sọ lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe torí pé àwọn jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe yan àwọn, bí kò ṣe torí pé àwọn tó o. Obìnrin ni igbákejì rẹ̀, Lucia Witbooi. Saara tó bá a du ipò igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ sì di olórí ilé aṣòfin.

Ẹni tó bá sì pẹ́ nídìí iṣẹ́ ilé kan, gbèsè ilé náà kò ní í ṣàì kàn án. Ìjókòó 51 péré nínú 96 ni SWAPO rí mú nílé aṣòfin níbi ìdìbò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ kan tún wà tí n kò lè sọ pé wọ́n fi tọmọ jẹ́. Láàárín 1904 sí 1908, àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń jẹ gàba lé ilẹ̀ náà lórí nígbà náà, pa àwọn ẹ̀yà Herero àti Nama nípakúpa. Ní 2021, nígbà tí NNN jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba méjèèjì kéde àdéhùn kan: Jámánì yóò san bílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀ owó yúrò láàárín ọgbọ̀n ọdún. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n pa kọ̀ ọ́, wọ́n ní wọn ò pe àwọn jókòó sí ọ̀rọ̀ òkú àwọn.

Ní 28 oṣù karùn-ún 2025, Nàmíbíà ṣe ọjọ́ ìrántí ìpakúpa náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Windhoek. NNN ló dìde sọ̀rọ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nígbà tó jẹ́ mínísítà ṣì wà nílẹ̀ láìparí, kò sì tún sí ọ̀gá kankan lókè tó lè sọ pé ó rán òun.