Kò sẹ́ni tó ń fa dátà yín lóru

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo dúró lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa n'Íbàdàn nígbà tí ìyá kan dé, tó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó gbé òkú adìẹ padà wá bá ẹni tó tà á fún un.

"Àná ni mo ra 1.5GB lọ́wọ́ ẹ. Mi ò wo nǹkan kan. Mo jẹun, mo gbàdúrà, mo sùn. Mo jí, ó ti tán."

Ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mọ́mì, wọ́n ti fà á nìyẹn. Òru ni wọ́n máa ń fà á."

Ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò mi orí. Bàbá tó ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ mi orí. Bó bá jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn ni, èmi náà ìbá mi tèmi.

Kò síbi tí èèyàn ò ti lè gbọ́ ọ. Nínú dáńfó, lórí rédíò, nídìí oúnjẹ níbi ìgbéyàwó: àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń jí dátà wa. Àwọn kan mọ aago tí wọ́n ń jí i pàápàá, láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, nígbà tí oorun bá wọra. Ẹnì kan ti búra fún mi rí pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń fà á, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń ta dátà olówó pọ́ọ́kú.

Irọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ tí òmùgọ̀ jókòó pa, torí náà kò yẹ ká kàn fi ẹni tó gbà á gbọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á fò. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà lóṣù Kẹjọ ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré kọjá ìṣẹ́jú kan, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó á rántí bí èèyàn ṣe ń yọ fóònù kúrò létí, táá wo ojú rẹ̀, táá tún dá a padà sétí. Bó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta, "ó dàbọ̀" kì í parí lẹ́nu kó tó pa á. Wọ́n ní kò tíì ṣe é ṣe láti máa gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ni Glo bá dé lóṣù Kẹjọ 2003, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí ohun tí kò ṣe é ṣe fi ṣe é ṣe fún àwọn tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn la tún rí ti orin tó ń dún sétí ẹni tó bá pè wá, tá ò ní kí wọ́n fi síbẹ̀, àti ti ìròyìn bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tí wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀. Ó di ọdún 2016 kí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tó mú un ní dandan fún wọn pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí gbogbo ẹ̀ dúró. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí gbogbo ìyẹn, ẹ fẹ́ kó fọkàn tán wọn lórí dátà?

Ti ọdún 2025 wá da epo sí i. Lógúnjọ́ oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, NCC fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi tó ìdajì kún owó wọn, èyí tí wọn ò ṣe láti 2013. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, 15GB ọlọ́sẹ̀ kan ti MTN tó ti ń jẹ́ ₦2,000 ti di ₦6,000. Ariwo yẹn pọ̀ débi pé MTN fúnra wọn jáde tọrọ àforíjì. Ẹni tó wá ń kó iye owó tó ń kó tẹ́lẹ̀ fún ọlọ́jà káàdì, tó rí i pé Wẹ́sìdé ni dátà òun ń tán dípò Sátidé, ó rọrùn fún un láti sọ pé wọ́n jí i. Wọn ò jí i. Kékeré ni wọ́n wọ̀n fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "fà" yẹn gan-an ló ń tàn wá. Ó ń jẹ́ kí dátà dà bí epo bẹntiróò tó wà nínú táńkì mọ́tò, tí ọlọ́wọ́ kan wá ń fi rọ́bà fà á jáde nígbà tẹ́ ẹ sùn. Dátà ò sí nínú fóònù yín rárá. Iye kan ni wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà yín nínú kọ̀ǹpútà wọn, pé ẹni yìí ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba nǹkan tó tó báyìí kọjá. Ohunkóhun tó bá gba orí sím yín kọjá, wọ́n á yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ń wọlé, ì báà jẹ́ èyí tó ń jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ ti èyí tó ń jáde yẹn: fídíò ọjọ́ ìbí tẹ́ ẹ fi sí status ń jẹ dátà yín kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

Ẹni tó bá wá jí lára iye tí wọ́n kọ yẹn, kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò rí i bù sínú kẹ́ẹ̀gì. Nọ́ńbà ò wọ́n wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ta 100GB sí i, wọ́n á kàn kọ ọ́ ni. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Wọ́n lè fowó kún un pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Wọ́n lè ní ọjọ́ méje ni dátà yín máa fi wà láàyè, kí èyí tó bá ṣẹ́kù kú fúnra ẹ̀. Ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe ìyẹn.

Lọ́dún 2024, ọ̀gá àgbà NCC, Aminu Maida, sọ pé àwọn ti ní kí wọ́n yẹ bí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń yọ owó àti dátà wò, wọn ò sì rí àléébù ńlá kan níbẹ̀. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: àjọ àwọn ni, wọn ò ní sọ òmíràn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi ti NCC sílẹ̀.

Ohun tí èmi ṣe rèé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, láago mẹ́wàá ààbọ̀, mo pa dátà fóònù mi, mo tẹ *323#, mo kọ iye tó kù sẹ́yìn rìsíìtì búrẹ́dì. Mo sùn. Láago mẹ́fà àárọ̀ mo tún tẹ ẹ́. Iye kan náà ni, MB kan ò yẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òru ni olè ń wá, olè ọ̀hún dé, ó rí i pé ilẹ̀kùn tì, ó padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi dátà sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan fóònù. Ilẹ̀ mọ́, ó lé ní 300MB tó ti lọ.

Èmi náà pariwo. Lẹ́yìn náà ni mo wọ Settings, níbi tí fóònù ti ń to áàpù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó jẹ. WhatsApp ló ṣíwájú. Èmi fúnra mi ni mo ti tẹ̀ ẹ́ nígbà kan, tí mo ti gbàgbé, pé kí fídíò máa wọlé láìbi mí. Mo wà nínú gúrúùpù ẹbí, ti àwọn tá a jọ ka ìwé mẹ́wàá àti ti àwọn onílé àdúgbò. Àǹtí wa kan wà nínú ti ẹbí, láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń dìde fún àdúrà, bí wọ́n bá sì ti ṣe àmín tán, fídíò márùn-ún ló máa ń tẹ̀ lé e: òdòdó tó ń tanná, omi tó ń ṣàn, "Ẹ kú ọ̀yẹ̀ o, ẹ ò ní rí ibi." Àmín o, àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ń fa dátà mi. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ibi tí fóònù ti ń tún àwọn áàpù rẹ̀ ṣe sí ti tuntun, iṣẹ́ tó sábà máa ń ṣe nígbà tí a bá gbé e sídìí iná tí a ò sì lò ó. Ìgbà wo la sì máa ń gbé fóònù sídìí iná tá ò lò ó? Òru ni. Òótọ́ ni pé dátà ń lọ lóru, ẹni tó ń gbé e lọ ni wọ́n ṣì mú.

Àmọ́ fídíò tí a jókòó wò lójú wa lódindi ló ń pa ọ̀pọ̀ wa. Netflix fúnra wọn kọ ọ́ pé wákàtí kan fíìmù tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB, pé fíìmù kan náà, bí àwòrán rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, nǹkan bí 0.3GB ló máa jẹ. Ìlọ́po mẹ́wàá! Lójú fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lórí YouTube, níbi tí fíìmù Yorùbá pọ̀ sí báyìí, fóònù ló ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá sì ṣe yá tó ni yóò ṣe yàn án. Láyé 3G, tí fídíò ń yí bírí-bírí kó tó ṣí, àwòrán kékeré ló ń bù fún wa. Bí 4G ṣe dé, tí 5G náà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2022, ọ̀nà là, ó ń bu èyí tó tóbi. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń búra pé láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ sím àwọn sí 4G ni dátà ò ti dúró mọ́. Wọn ò purọ́, ohun tí wọ́n ní ó fà á ni kì í ṣe. TikTok àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún le jù: fídíò kan ò tíì tán, wọ́n ti gbé èyí tó kàn wọlé sílẹ̀, bí olóúnjẹ tó ń bu ìkejì sábọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé àkọ́kọ́ mì. Bẹ́ ẹ bá sáré fi ọwọ́ gbọ́n ọn kúrò lójú fóònù, ẹ ti sanwó rẹ̀.

Àbúrò mi wá kí mi lọ́sẹ̀ kan, ó fẹ́ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ó ní kí n tan hotspot fún láptọ́ọ̀pù òun. Lẹ́tà ojú ìwé kan! Nírọ̀lẹ́, 4GB ti lọ. Mo fẹ̀sùn kàn án pé ó wo bọ́ọ̀lù; ó fi ìyá wa búra. Ká tó mọ̀, láptọ́ọ̀pù tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mélòó kan ti rí Wi-Fi, ó sì rò pé irú Wi-Fi ọ́fíìsì tí kì í tán ni. Kò mọ̀ pé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo àtúnṣe tó ti ń pọ̀ dè é wọlé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ hotspot mi, mo máa kọ́kọ́ wọ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kí n sọ fún un pé metered connection ni èyí, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀n.

Kò wá túmọ̀ sí pé mo ti di agbẹjọ́rò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo ṣì ń bá wọn jà lórí dátà tí a fowó rà tó ń kú ní déètì bíi mílíìkì, lórí bónọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé òru nìkan la lè lò ó, àti lórí bó ṣe jẹ́ pé bí dátà bá tán tí a ò pa á, owó káàdì wa ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní iye tó wọ́n ju ti dátà lọ. Bá a bá ń wí pé wọ́n ń jalè lóru, wọ́n á ní ká mú ẹ̀rí wá, a ò sì ní í rí. Àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, inú ìwé àdéhùn wọn ló wà.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ ìyá oníṣòro. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n gbé e fún mi. Mo wọ Settings. YouTube ló wà lókè, òun nìkan ti jẹ 1.3GB. Mo fi hàn wọ́n.

"Èmi ò mọ YouTube lò."

Mo wọ YouTube, mo fi ohun tí wọ́n wò kẹ́yìn hàn wọ́n. Kátúùnù. Ejò aláwọ̀ ewé, bọ́ọ̀sì tó ń kọrin, ẹja kékeré kan tó ń ké mọ́mì. Ó tó ogún.

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ ọmọ mi ló sùn lọ́dọ̀ mi lánàá. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ti sùn kí n tó sùn."

Ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ oníkáàdì ò rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n lè ti fi kátúùnù yẹn síbẹ̀ láti fi bojú. Ìyá gba fóònù wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n tú owó nínú gèlè, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Fún mi ní 1GB. Kó o sì sọ fún wọn kí wọ́n má fà á o."