Kì í ṣe Viking ló kọ́ ará Newcastle ní "gan hyem"

Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní í pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onílùú: wọ́n á ní ọ̀dọ̀ àwọn Viking, jagunjagun orí òkun àtijọ́ láti Nọ́wè àti Dẹ́ńmákì, ni Geordie, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì àdúgbò wọn, ti wá. Ẹ̀rí wọn ni pé "hyem" ni Geordie ń pe ilé, "hjem" sì ni ará Nọ́wè ń pè é. "Bairn" ni ọmọ, "barn" ni ti Nọ́wè. Wọ́n á tún fi kún un pé lọ́dún 793, àwọn Viking kógun ja erékùṣù Lindisfarne ní àgbègbè náà.

Òótọ́ ni ogun. Irọ́ ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni Geordie ti wá, bó tiẹ̀ dùn ún gbọ́.

Ẹ wo "hyem" ná. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ilé ń jẹ́ "hām", òkúta ń jẹ́ "stān", egungun ń jẹ́ "bān". Fáwẹ́lì "a" gígùn ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní gúúsù odò Humber, "a" yìí di "o" ní nǹkan bí ọdún 1200. Ibẹ̀ ni home, stone àti bone ti jáde. Lápá àríwá, kò di "o" rárá. Iwájú ẹnu ló ń sún lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di "ye": hyem, styen, byen. (Styen àti byen ti ń kú lọ báyìí, hyem ló ṣì lágbára.) Ẹ wá fi wé èdè Dẹ́ńmákì: ilé ń jẹ́ "hjem" lóòótọ́, àmọ́ òkúta ń jẹ́ "sten", egungun ń jẹ́ "ben". Ọ̀rọ̀ kan péré ló jọra. Nígbà ayé àwọn Viking fúnra wọn ńkọ́? "Heim" ni wọ́n ń sọ. "Hjem" kò tíì dáyé.

"Bairn" jẹ́ "bearn" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "gan", tó túmọ̀ sí lọ, sì jẹ́ "gān" tàbí "gangan". Ìyá kan náà ló bí Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Viking, bí ti Yorùbá àti Ígálà: àwa ń pè é ní ọmọ, Ígálà ń pè é ní ọma, kò sì sẹ́ni tó ní àwọn ló kọ́ wa.

Bákan náà ni "toon" àti "hoose", bí Geordie ṣe ń pe town (ìlú) àti house (ilé). "U" gígùn tó wà nínú wọn ni gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀. Ní gúúsù, "o" gígùn gòkè wá gba ipò rẹ̀, ó sì tì í kúrò, ló fi di town àti house. Ní àríwá, "o" yẹn ti sún síwájú kó tó dìgbà náà. Kò sóhun tó ti "u", ló bá dúró síbẹ̀.

Ibi tí Viking tẹ̀dó sí gan-an hàn kedere. Wọ́n gba York, ìlú kan ní gúúsù Newcastle, lọ́dún 866, wọ́n sì pín ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún 876. Ìdí nìyẹn tí Yorkshire, àgbègbè tó yí York ká, fi kún fún orúkọ ìlú bíi Whitby, Selby, Wetherby. "By" ni abúlé lédè wọn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an ní Northumberland, àgbègbè tó wà ní àríwá Newcastle. Odò kékeré ní Yorkshire ń jẹ́ "beck", ọ̀rọ̀ Viking. Ní Newcastle ó ń jẹ́ "burn", Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, bí Ouseburn tó ṣàn gba inú ìlú kọjá.

Kì í ṣe pé Geordie kò ní ọ̀rọ̀ Viking kankan. "Gate" inú Gallowgate, orúkọ òpópónà kan ní Newcastle, tiwọn ni; òpópónà ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n tiwọn náà ni they, egg àti window tí ará Lọ́ńdọ̀nù ń sọ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ Geordie kan wò, ẹ kọ́kọ́ wá bó ṣe rí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tó ní fáwẹ́lì kan náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n yí padà lọ́nà kan náà. Ẹ wo "sk" pẹ̀lú: níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ní "sh" tí èkejì rẹ̀ ní "sk", bíi shirt àti skirt, ọwọ́ Viking sábà máa ń wà níbẹ̀. Paríparí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń sọ ọ́ ní Scotland. Bairn wà níbẹ̀, hame (ilé) náà wà níbẹ̀, torí ìjọba Northumbria àtijọ́ ti Humber dé etí òkun Edinburgh, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi Viking àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀.