Ẹ má ní kí ìyá máa dúró

Nínú ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń kọ síbí lórí ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti ní yóò sọ ọ́ tó bá yá ló dùn mí jù. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún mi ní Mushin nìyẹn títí ọmọ mi fi pé ọdún 3. Lọ́jọ́ kan ọmọrí ìkòkò já bọ́ gbàràgàdà lẹ́yìn rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Àyà mi já. Ní ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn lórí nígbà tó ń sùn, láti wò ó bóyá ìró ń dé ọpọlọ. Kò dé ibẹ̀. Dókítà ní ibà pọ́njú tó ṣe é nígbà tó wà ní ọmọ ọjọ́ 4 ló ba ìgbọ́ràn rẹ̀ jẹ́. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè nígbà yẹn, oòrùn àárọ̀ la kàn ń gbé e sí. Ẹni tó tún kọ ọ́ síbí pé ayé ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, kàfúrà inú aṣọ ọmọ nìkan lè dá ibà yẹn sílẹ̀ fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á.